Gbogbo ayé mọ "Màmá Oníwà Tútù", èmi fúnra mi ni mi ò mọ̀ ọ́n mọ́

Àkọ́bí_Márùn-ún

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iléṣà ni mo ń gbé, tísà ni mí, mo ti lé ní ogójì ọdún. Èmi ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Láti kékeré ni màmá mi ti máa ń fi mí han àlejò pé, "Èyí ò mọ ìbínú. Ẹ gbá a létí, ẹ̀rín ni yóò rín." Ìyìn ni, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ìwà yẹn ló sọ mí di Màmá Oníwà Tútù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin.

Owó ilé-ìwé ọmọ àbúrò, owó ilé, owó jẹnẹrétọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti ń sọ pé "kò sí wàhálà". Nígbà tí ẹbí jókòó lórí ìrántí bàbá wa, èmi ni wọ́n bu owó jù fún, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo ń wá ohun tó ń ṣe mí nínú, mi ò rí nǹkan kan. Kì í ṣe ìbínú, kì í ṣe ìbànújẹ́. Ó kàn ṣófo ni.

Ọkọ mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Mo ní ohun tó bá wù wọ́n. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, mi ò tíì mọ oúnjẹ tó wù ọ́." Ẹ̀rù bà mí, nítorí èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan kàwé nípa ọkàn ọmọ ènìyàn, ẹ̀yin kan jẹ́ àgbà nínú ẹ̀sìn, àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi náà sì wà níbí. Báwo lènìyàn ṣe ń bọ́ èmi ojú-ayé, ìyẹn ẹni tí a ń ṣe nítorí àwọn ẹlòmíràn, sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn? Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ń wá?

Jẹ́jẹ́_Layé

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ò mọ oúnjẹ tó wù ú! Iyán ni, mà. Iyán àti ẹ̀gúsí. Ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ lọ sùn.

Àkọ́bí_Márùn-ún

Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Iyán ni wọ́n máa ń sọ pé ó wù mí. Mo mọ̀ ọ́n gún. Bóyá ó wù mí, ìyẹn ni mi ò lè sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ kú alẹ́ o, mà. Sàíkọ́lọ́jì ni mò ń kà ní Ifẹ̀ níbí. Ohun tí ẹ sọ yìí bá mi lójijì, torí pé ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ń ka iṣẹ́ dókítà àwọn ọmọdé kan tó ń jẹ́ Donald Winnicott. Lọ́ńdọ̀nù ló wà, ó tọ́jú ọmọ fún bí ogójì ọdún ní ilé ìwòsàn Paddington Green. Ní 1960 ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èmi gidi àti èmi ojú-ayé.

Ohun tó rí ni pé ọmọ ọwọ́ a máa nawọ́, a máa ké, a máa rẹ́rìn-ín bó ti ń ṣe é. Bí ìyá bá rí i, tó dá a lóhùn, ọmọ á mọ̀ pé ohun tó ti inú òun wá já mọ́ nǹkan. Àmọ́ bí ìyá ò bá ráàyè, bóyá ìbànújẹ́ mú un, bóyá iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó wá jẹ́ pé ohun tí ìyá fẹ́ ló ń wà nílẹ̀ ṣáá, ọmọ á kọ́ bí a ti ń ṣe ohun tí ìyá fẹ́. Ọmọ yẹn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ó ń wá bí kò ṣe ní ṣègbé ni.

Ibi tó kàn yín gan-an nìyí. Winnicott sọ ti obìnrin kan tó ti ń dàgbà, tí èmi ojú-ayé rẹ̀ ń ṣe dáadáa láwùjọ, àmọ́ tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ṣe é bíi pé òun ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló pe èmi yẹn ní alágbàtọ́. Alágbàtọ́ ló mú un wá sọ́dọ̀ dókítà, alágbàtọ́ ló ń dán dókítà wò bóyá ó ṣeé fọkàn tán, ó sì tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbà láti fi ọmọ, ìyẹn èmi gidi, lé dókítà lọ́wọ́.

Nítorí náà, mà, ẹ má lé e bí ẹni ń lé ẹ̀mí àìmọ́. Òun ló tọ́ yín dàgbà. Winnicott ò tilẹ̀ sọ pé kí á má ní in rárá. Ìkíni, ìbọ̀wọ̀, pípanu mọ́ níbi tó yẹ, ara rẹ̀ ni gbogbo wọn jẹ́ nígbà tí ara bá dá ṣáṣá. Ìgbà tó bá gba gbogbo ilé, tí onílé ò ní yàrá kan mọ́, ló di àìsàn.

Alàgbà_Òkè-Ọ̀ọ̀yẹ̀

Ọmọ mi, mo kí ọ. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dókítà òyìnbó mú ọ lọ́kàn jù. Òkè-Ọ̀ọ̀yẹ̀ ní Iléṣà tí mo ti ń kọ̀wé yìí ni ìsọjí 1930 ti bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Àwọn bàbá wa sọ fún wa bí àwọn èèyàn ṣe ń kó oògùn àti ère jáde ní gbangba, tí wọ́n ń dáná sun ún. Wọn ò dúró kí alágbàtọ́ kan gbà fún wọn. Ọjọ́ tí Ẹ̀mí bá bá wọn wí náà ni wọ́n ń bọ́ ọ sílẹ̀.

Éfésù 4:22 ní kí á bọ́ ògbólógbòó ọkùnrin nì sílẹ̀. Ìwà tútù rẹ, èso Ẹ̀mí ni, ó wà nínú Gálátíà 5:23. Ìbínú tí o ń wá kiri yẹn gan-an ni ọkùnrin àtijọ́. Má wá a débi tí wàá fi rí i.

Àkọ́bí_Márùn-ún

Ẹ ṣé, bàbá. Ibẹ̀ yẹn ló rú mi lójú. Èso lẹ pè é. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, ẹ̀rù ló bí i. Ẹ̀rù pé bí mo bá ní rárá, màmá mi ò ní fi mí han àlejò mọ́. Èwo nínú méjèèjì wá ni ògbólógbòó: èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni, àbí èyí tí mi ò tíì rí?

Ìyá_Ìbejì_Lágere

Alàgbà, ẹ dákun, ẹ ka ẹsẹ mẹ́ta síwájú. Pọ́ọ̀lù ò tíì kúrò lórí bíbọ́ aṣọ àtijọ́ nígbà tó dé ẹsẹ 25, ohun àkọ́kọ́ tó sì dárúkọ pé kí á fi sílẹ̀ ni èké. Ó ní kí olúkúlùkù máa bá ọmọnìkejì rẹ̀ sọ òtítọ́. Ẹsẹ 26 ló wá sọ pé "Ẹ bínú, ẹ má sì ṣe ṣẹ̀", kí oòrùn má ṣe wọ̀ bá ìbínú wa. Ẹni tí kò bínú rí, oòrùn wo ló fẹ́ wọ̀ bá a?

Mo mọ̀ pé ẹsẹ 31 lẹ máa sá lọ, níbi tó ti ní kí á mú ìbínú kúrò pẹ̀lú ìwà kíkorò àti ariwo. Mo gbà. Àmọ́ ohun tí màmá yìí ò tíì gbà pé ó wà lọ́wọ́ òun, báwo ni yóò ṣe gbé e sọnù? Ogún ọdún ni mo fi ń rẹ́rìn-ín sí ìyá ọkọ mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fi gbà.

Alàgbà_Òkè-Ọ̀ọ̀yẹ̀

Ìyá Ìbejì, o kà á dáadáa, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ẹsẹ 25. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó rọra. Mo ti rí ẹni tó ní òun fẹ́ sọ òótọ́ inú òun, ilé ló tú.

Abu_Sabó

As-salāmu alaykum. Ẹ jẹ́ kí n dá tèmi sí i láti Ifẹ̀ níbí. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣekárími ni Kùránì ń bá wí. Súrà 107 ní ègbé ni fún àwọn tó ń kírun, tó jẹ́ pé nítorí kí ayé lè rí wọn ni, tí wọn ò sì lè yá ẹlòmíràn ní ohun èlò ilé lásán. Kò ní kí wọ́n má kírun mọ́ o. Ìdí tí wọ́n fi ń kí i ló bá wí.

Ẹni tí màmá yìí ń rán mi létí ni Ìmáàmù Al-Ghazali. Ní 1095, kò sí olùkọ́ tó lórúkọ bíi tirẹ̀ ní Baghdad. Ilé ẹ̀kọ́ Nizamiyya ló ti ń kọ́ni, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jókòó níwájú rẹ̀. Ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé òkìkí lòun ń kọ́ni fún. Oṣù bíi mélòó kan ló fi ń sọ lówùúrọ̀ pé òun ń lọ, tó bá di alẹ́ á yí ọkàn padà. Níkẹyìn ahọ́n rẹ̀ kọ iṣẹ́. Ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kan péré, ọ̀rọ̀ ò jáde. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun. Àwọn oníṣègùn ní ọkàn ni àrùn náà ti wá, kò sóògùn tí àwọn lè fún un.

Ó bá pín dúkìá rẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀. Ibi tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: ó sọ fún gbogbo èèyàn pé Mẹ́kà lòun ń lọ, Síríà ló wà lọ́kàn rẹ̀, kí kálífà àti àwọn ọ̀rẹ́ má baà dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ojú-ayé tún dá ọgbọ́n ojú-ayé kan láti fi jáde nílé.

Àmọ́ ìparí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí màmá gbọ́. Ní 1106 ó padà sí iṣẹ́ olùkọ́, ní Nishapur. Iṣẹ́ kan náà. Ó ní tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ tí wọ́n fi ń wá ipò lòun ń kọ́ni, nísinsin yìí, èyí tí wọ́n fi ń ju ipò sílẹ̀ ni. Bóyá ẹ ṣì máa san owó ilé-ìwé ọmọ àbúrò yín, mà. Ẹlòmíràn nínú yín ni yóò kàn máa san án.

Tísà_Lítíréṣọ̀

Alfa, ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ ìtàn Síríà yẹn tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta ni tèmi máa lọ. Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola gbé jáde ní 1952, ọkùnrin kan wọ ọjà, ó pé, kò lábùkù kankan. Ọmọbìnrin kan tó ti kọ gbogbo ọkọ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara padà, torí pé ó yá gbogbo wọn ni. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dá padà, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi ku agbárí lásán. Ọmọbìnrin fẹ́ sá, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ní ẹ̀kọ́ ìtàn náà ni pé kí ọmọbìnrin má ṣe yan ọkọ fúnra rẹ̀. Mi ò gbà. Ohun méjì ni mo máa ń ní kí wọ́n wò. Èkíní, ọkùnrin yẹn mọ ẹni tó ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ó sì san owó ìyálò fún un. Kò ju ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni sí pàǹtírí. Èkejì, ẹni tí ìtàn náà pa lára ni ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀yà àyálò, tí kò sẹ́ni tó sọ fún un kí ó tó wọ igbó.

Mà, ẹ̀rín yẹn, ti ta ni? Ó jọ pé ti màmá yín ni. "Kò sí wàhálà" ńkọ́? Bóyá bàbá yín ló máa ń sọ ọ́. Sùúrù orí àga yẹn, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dá a padà fún oní-nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ yín wà níbẹ̀, torí òun ló tẹ̀ lé yín láti ọjà. Àwọn àgbà ti ní aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹni, bí kò fún ni lápá, á sò ní ọrùn. (Ìyá Ìbejì, ẹsẹ 25 yín náà parí sí pé ẹ̀yà ara ọmọnìkejì wa ni a jẹ́. Mi ò mọ ohun tí n ó fi ìyẹn ṣe, àmọ́ mo rí i.)

Àkọ́bí_Márùn-ún

Tísà, agbárí ló kù níkẹyìn o! Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an lẹ fi ṣe ìtàn yẹn.

Tísà_Lítíréṣọ̀

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Agbárí yẹn ní ilé, ó ní ẹbí, ó ní ohùn tirẹ̀. Ohùn tó ń dẹ́rù bani ni. Tutuola ò sọ pé ohun tó wà lábẹ́ máa ń lẹ́wà, èmi náà ò ní fi ìyẹn tàn yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá obìnrin kan lábẹ́ tó ní ìlara, tó ní ahun díẹ̀, tí kò fẹ́ràn ọmọ ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀. Òun náà yóò jẹun.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Kí ló dé tí ẹ ò mú Ọdẹ́wálé? Ifẹ̀ níbí ni Ọlá Rótìmí ti kọ́kọ́ gbé The Gods Are Not to Blame sórí ìtàgé, ní 1968. Ọba tó ń wá apànìyàn kiri ìlú, láìmọ̀ pé òun gan-an ni.

Tísà_Lítíréṣọ̀

Nítorí pé Ọdẹ́wálé ò gbé nǹkan kan wọ̀. Wọ́n tọ́ ọ ní Ìjẹ̀kùn, ó gbà pé ọmọ Ìjẹ̀kùn lòun. Kò mọ̀ ni. Àmọ́ ẹ ti rán mi létí ohun kan tí mo fẹ́ fi dá Alàgbà lóhùn. Ojú gbogbo ìlú ni òtítọ́ ti já lu Ọdẹ́wálé, òun gan-an ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló sì yọ. Bàbá, iná ìta gbangba dára fún oògùn àti ère. Èyí tó wà lára ènìyàn, mi ò rò pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń sun ún.

Jẹ́jẹ́_Layé

Tísà ti yọ idà o.

Alàgbà_Òkè-Ọ̀ọ̀yẹ̀

Ó yọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo gbọ́.

Ará_Enúwá

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ìbòjú bíi pé ẹ̀gàn ni, Ifẹ̀ lẹ sì wà. Ẹ rántí ìbòjú bàbà tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n. Ààfin ló wà títí di àwọn ọdún 1930. Ó tóbi tó ojú ènìyàn gidi, wọ́n sì la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì kí ẹni tó bá gbé e wọ̀ lè máa ríran. Ojú bàbà ń wo ìlú, ojú ẹran ara ń wo ìlú láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ènìyàn kan máa wà nínú ẹ̀.

Ọmọ_Òṣómàáló

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìrọ̀lẹ́. Èmi ò kàwé púpọ̀, ọjà ni mo mọ̀, àdúgbò Ẹrẹ́jà ni mo dàgbà sí. Òṣómàáló ni bàbá mi. Fún ẹ̀yin tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà: wọ́n á gbé aṣọ lọ sí abúlé, wọ́n á tà á láwìn fún àwọn àgbẹ̀, tí àkókò kòkó bá tó, wọ́n á padà lọ gba owó. Bí onígbèsè bá ń yí wọn, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní òṣóò làwọn máa ló gbowó àwọn. Wọn ò ní jẹun, wọn ò ní dìde. Ẹ wo ojú bàbá mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọdé á sá.

Ilé wa, ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Tí wọ́n bá ti oko owó dé, wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn kí wọ́n tó wẹ̀. Bí a bá sáré pàdé wọn, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n bọ́ ti onígbèsè sílẹ̀ ná." Wọ́n á bọ́ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á da omi sára, ìgbà yẹn ni wọ́n tó di bàbá wa. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n ti darúgbó pé ṣé wọn kì í bínú sí àwọn èèyàn yẹn lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn kan wà tí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn, pé onígbèsè kan ní ọ̀nà Ìpetu máa ń gbé àga fún wọn kí ìlóṣòó má baà pa wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún màmá ni pé bàbá mi mọ ìgbà tí wọ́n gbé e wọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí omi wà. Ẹ̀yin ti sùn nínú tiyín. Mi ò mọ Winnicott. Ṣé ilé yín ní ẹ̀yìnkùlé?

Àkọ́bí_Márùn-ún

Ọ̀rọ̀ yín yìí, sà, mo kà á fún ọkọ mi. Àwa méjèèjì ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Mà, kí n fi kun un pé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAUTHC tí wọ́n wà ní Ifẹ̀ náà ló ni ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà níbẹ̀. Bí ṣíṣófo yẹn bá ń pọ̀ sí i, tí oorun tàbí oúnjẹ bá ń kọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wa níbí nìkan ṣe oògùn. Ẹ lọ bá dókítà sọ ọ́.

Àkọ́bí_Márùn-ún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Àbúrò mi pè lórí jẹnẹrétọ̀ mìíràn. Mo ní rárá. Ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá?" Mo ní ara mi yá, mi ò ní san án ni. Kò tíì tó wákàtí kan tí màmá mi fi pè. Wọ́n ní ta ló ń kọ́ mi ní ìwà yìí. Mo fẹ́ rín ẹ̀rín yẹn, mo gbọ́ ọ tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun, mo gbé e mì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo wá mọ̀ pé inú ń bí mi, pé ó ti ń bí mi láti ìgbà ìrántí bàbá wa, bóyá láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Mo sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Màmá, ìnáwó yẹn dùn mí." Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ohun tí mo wí. Mo tún un sọ. Wọ́n pa fóònù.

Kò dùn mọ́ mi bí ẹ ṣe rò. Ojora mú mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá Ìbejì, oòrùn wọ̀ bá a o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí nípa ẹsẹ 26.

Ìpàdé àdúrà tó tẹ̀ lé e, mo ní kí ẹlòmíràn ṣáájú, mo jókòó sẹ́yìn. Mo ti ń múra ohun tí màá sọ bí wọ́n bá bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Àti pé mi ò fẹ́ràn iyán.

Jẹ́jẹ́_Layé

Ẹ kó ẹrù yín kúrò ní Iléṣà kí Ọwá tó gbọ́!

Ìyá_Ìbejì_Lágere

Ẹ̀bà ńkọ́, mà? Mò ń béèrè ni o, mi ò fún yín ní oúnjẹ.

Àkọ́bí_Márùn-ún

Ẹ̀wà. Ẹ̀wà pẹ̀lú epo púpọ̀, kó tutù díẹ̀. Ọkọ mi ní òun ò lè gbọ́ òórùn ẹ̀wà àná, a ti ń jà lórí ẹ̀.

Abu_Sabó

Alhamdulillah fún ìjà yẹn.

Alàgbà_Òkè-Ọ̀ọ̀yẹ̀

Ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lórí bí o ṣe dá ìyá rẹ lóhùn, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Ta ni yóò wá máa ṣe olórí àwọn aládùúrà obìnrin báyìí?

Àkọ́bí_Márùn-ún

Mi ò mọ̀, bàbá. Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn títí ọdún yóò fi yí. Wọ́n ní àwọn máa gbàdúrà kí Ọlọ́run yí mi lọ́kàn padà. Mo ní kí wọ́n máa gbàdúrà.